Remote Desktop tàbí TeamViewer: èwo ni kí firewall yín gbà láàyè?

Remote Desktop àti TeamViewer ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè lo kọ̀ǹpútà kan láti ọ̀nà jíjìn; firewall sì ni ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè wọ kọ̀ǹpútà tàbí tó lè jáde. Remote Desktop ti wà nínú Windows Pro tẹ́lẹ̀. Ẹ ò lè fi í wọ kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows Home. Tí ẹ bá ti tàn án nínú Settings, Windows fúnra rẹ̀ á ṣí port 3389, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí Remote Desktop ń gbà wọlé, nínú firewall. Nínú ọ́fíìsì kan náà, ó parí. Láti ìta ni wàhálà wà: àwọn kan á lọ sórí router, wọ́n á ṣí 3389 sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo ayé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Tọ̀sán-tòru làwọn olè ń wá port yẹn kiri, tí wọ́n ń fi oríṣiríṣi password gbìyànjú. BlueKeep, àlébù Remote Desktop tí àṣírí rẹ̀ tú lọ́dún 2019, ò tiẹ̀ jẹ́ kí olè nílò password láti wọ Windows 7. Ẹ fi VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ṣáájú rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kọ àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) tó lè wọlé sábẹ́ Scope nínú òfin firewall náà.

Tí kọ̀ǹpútà màmá yín nílé bá ni, TeamViewer ni kẹ́ ẹ mú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń jáde lọ bá sáfà ilé iṣẹ́ TeamViewer nípasẹ̀ port 5938. Bí wọ́n bá dí i, á gba 443 tí búráúsà ń gbà. Firewall kì í sábà yọ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ tó bá di ti iṣẹ́ ajé, kì í ṣọ̀fẹ́ mọ́.