Máàpù Ọ̀fẹ́ Tó Ń Fi Ihò Èédú Àtijọ́ Hàn ní Ìlú Ọba: Ó Wúlò, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Kà Á Sí Ìdájọ́ Ìkẹyìn

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ní Barnsley, ní Wigan, ní Sunderland tàbí ní àwọn àfonífojì gúúsù Wales gbọ́dọ̀ mọ̀ pé abẹ́ ilé tí òun ń wò lè ṣófo, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni àwọn awakùsà fi wa èédú níbẹ̀ kí wọ́n tó ti Kellingley, ibi ìwakùsà jíjìn tó gbẹ̀yìn, pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2015. Mining Remediation Authority, tí wọ́n ń pè ní Coal Authority títí di apá ìparí ọdún 2024, ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí láti Mansfield. Máàpù ọ̀fẹ́ tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo jókòó tì nígbà tí àbúrò mi ń wá ilé ní agbègbè Barnsley.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ ó wá àdúgbò náà, ẹ ó sún mọ́ ọn títí òpópónà yóò fi hàn kedere, ẹ ó sì máa tan àwọn àmì lọ́kọ̀ọ̀kan: ojú ihò tí àwọn awakùsà gbà wọlẹ̀, èyí tí àkọsílẹ̀ wọn lé ní 170,000; ibi tí èédú ti yọ sójú ilẹ̀; ibi tí wọ́n ti wà á nítòsí ojú ilẹ̀; àti ibi tí wọ́n fura pé wọ́n ti wà á láìsí ìwé kankan tó jẹ́rìí sí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo yìn jù, torí àwọn tó ń ya máàpù kì í sábà gbà láti ya ìfura.

Ọ̀rọ̀ jíjìn ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì lóye. Bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n wa èédú ní 300 mítà lábẹ́ ilé, àyà wọn a já, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ti kó gbogbo èédú kúrò lọ́nà ìgbàlódé, tí àjà rẹ̀ sì ti wó tẹ̀ lé wọn, ti sábà máa ń fìdí kalẹ̀ tipẹ́. Èyí tó yẹ kí á bẹ̀rù ni èyí tí kò jìn ju 30 mítà lọ, níbi tí àwọn ará ìṣáájú ti fi òpó èédú sílẹ̀ láti gbé àjà ró. Omi àti ọjọ́ pípẹ́ ń jẹ òpó náà, òkúta àjà ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀, òfìfo náà sì ń gun òkè bọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi lanu lójijì láàárín ọgbà. Ojú ihò tí wọ́n kàn fi pákó dí, tí wọ́n wá da yẹ̀pẹ̀ lé lórí, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àléébù máàpù náà tó tóbi jù kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣe é. Ọdún 1872 ni òfin mú un ní dandan kí wọ́n fi àwòrán ibi ìwakùsà tí wọ́n bá pa tì sọ́wọ́ ìjọba, nítorí náà ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n gbẹ́ ṣáájú rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ibi tí kò sí àmì kankan kò wá túmọ̀ sí ilẹ̀ tó le. Àmì tó wà níbẹ̀ pàápàá lè fi mítà mélòó kan yẹ̀ kúrò ní ojú ihò gan-an, torí ara àwòrán àtijọ́ ni wọ́n ti dà á kọ. Èédú nìkan ló sì mọ̀. Kò ní sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ra ilé níbi tí wọ́n ti wa tánganran (tin) ní Cornwall tàbí iyọ̀ ní Cheshire.

Èdè rẹ̀ náà lè dẹ́rù bani. "Development High Risk Area" (agbègbè tí ewu pọ̀ fún ìkọ́lé) kò sọ pé ilé yín ti fẹ́ wó. Ó ń sọ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé tuntun pé kó ṣe ìwádìí ewu ìwakùsà mọ́ ìwé ìyọ̀ǹda tó ń tọrọ.

Ìwé àbájáde ìwádìí ìwakùsà èédú tí a ń sanwó fún, CON29M, ló máa ń dárúkọ ojú ihò tó bá wà láàárín 20 mítà sí ààlà ilé. Lọ́yà ló sábà máa ń béèrè fún un lẹ́yìn tí owó ti ń jáde lápò, ó sì pẹ́ jù lójú tèmi. Àbúrò mi rí àmì ojú ihò kan lẹ́yìn ọgbà ilé àkọ́kọ́ tó wù ú, ló bá ní kí lọ́yà gba ìwé yẹn kí òun tó san kọ́bọ̀ fún ayẹ̀léwò kankan.