Short-let oníyàrá méjì kan ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́: ṣé ó bá ìdílé tó wá gba ọmọ tọ́ mu?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba short-let, ìyẹn ilé tí wọ́n ń yá fún ìgbà díẹ̀, ní àdúgbò Under G, ìnáwó ló gbé wọn wá, tàbí kí ọmọ wọn máa jáde ní yunifásítì LAUTECH. Bí wọ́n bá sùn ọjọ́ méjì, wọ́n ti ń wá mọ́tò. Ti àwọn tó ti ìlú òyìnbó wálé wá gba ọmọ tọ́ yàtọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 ní kí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí òun àti ọmọ náà jọ máa gbé ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, kí ọmọ sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta léraléra kí kóòtù tó pàṣẹ. Ó tún ní kí ó ti fi èrò rẹ̀ tó àwọn wẹ́ífíà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìtọ́jú ọmọ, létí ní oṣù méjìlá ṣáájú àṣẹ náà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní òfin tirẹ̀ láti 2006, òun sì ni kí agbẹjọ́rò yín kà fún yín. Nítorí náà, bí ilé tí à ń sọ yìí ṣe máa rí lẹ́yìn oṣù kẹta là ń wò, a ò wo ti ọjọ́ méjì.

Ilé alájà kan ni, fúláàtì kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Wọ́n gbá a mọ́, ẹnu géètì kò jìnnà sí títì, màmá onílé kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹni. Ẹni tó ń gbé ọmọ tí gbogbo àdúgbò ń fojú wá mọ̀ pé èyí tóbi!

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iná. Ínfátà 3.5kVA ni wọ́n gbé síbẹ̀, pẹ̀lú bátìrì olómi méjì, 200Ah ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fíríìjì kékeré, fáànù méjì àti gílóòbù mẹ́rin yóò fa nǹkan bíi wáàtì 250. Ìdajì agbára bátìrì bẹ́ẹ̀ ló yẹ kéèyàn lò kó má baà tètè kú, ìyẹn sì máa gbé e fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Ó tó láti ilẹ̀ ṣú títí di ìdájí. Ohun tí wọn kò sọ fún yín ni pé kẹ́tùlù oníná ń fa tó wáàtì 2,000. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láàárín òru, tí bátìrì ti lọ sílẹ̀, ínfátà á ké tíí-tíí-tíí, gbogbo ilé á sì ṣókùnkùn pẹ̀lú ọmọ tó ń ké fún oúnjẹ. Orí gáàsì ni kí ẹ ti se omi kẹ́ ẹ tó sùn, kí ẹ dà á sínú fúláàsìkì gidi. Omi tí wọ́n fi ń po mílíìkì ọmọdé kò gbọdọ̀ tutù ju ìwọ̀n 70 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, torí pé ìyẹ̀fun inú agolo náà lè ní kòkòrò àrùn nínú, ìgbóná omi ló ń pa á. Bí ẹ bá pò ó tán, ẹ fi ìgò sínú omi tútù kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó fún ọmọ. Èyí tó bá ti wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ, ẹ dà á nù.

Fíríìjì náà ò burú, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń mu ògì níbi tó ti wá, ẹ má ṣe yí oúnjẹ rẹ̀ padà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ra ògì tútù ní ọjà Tákíé, ẹ fi omi bò ó, kí ẹ máa da omi kíkan orí rẹ̀ nù lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kò nílò fíríìjì rárá.

Omi ẹ̀rọ ń ṣàn déédéé, bí NEPA bá ti mú iná wá lọ́sàn-án. Ínfátà kò lè gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi, nítorí ẹ̀rọ náà máa ń fa ìlọ́po iná rẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ilé pé kó kún tàǹkì nígbàkígbà tí iná bá dé, kó má dúró dìgbà tó bá gbẹ.

Àwọn wẹ́ífíà máa wá wo ilé. Wọ́n á wo ibi tí ọmọ ń sùn, ilé ìdáná, ilé ìyàgbẹ́, àti ẹni tí ẹ jọ wà nínú ọgbà. Ibí yìí ni ilé náà ti ní àléébù méjì. Àkọ́kọ́ ni kànga àtijọ́ kan lẹ́yìnkùlé tó jẹ́ pé pákó ni wọ́n kàn gbé lé e lórí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi irin dé e, kí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Èkejì ni irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn tó lọ sókè. Agolo mílíìkì ńlá, ti 900 gíráàmù, gba àárín irin méjì kọjá láìfara kan nǹkan kan. Ibi tí ìyẹn bá ti kọjá, ọmọ tó ń rákò lè yọ́ bọ́ níbẹ̀. Fúláàtì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbà, kódà bí wọ́n bá dín owó ti òkè kù fún yín. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yàrá kejì ti ya pẹ̀lú. Téèlọ̀ kan á ran án láàárín wákàtí kan.

Ẹ gba àdéhùn ilé tí wọ́n kọ sílẹ̀, orúkọ tọkọtaya méjèèjì nínú rẹ̀, bó ṣe wà nínú páásípọ̀ọ̀tù gẹ́lẹ́. Bí páásípọ̀ọ̀tù bá ní Adébísí, kí wọ́n má kọ Bísí. Àlẹ́ẹ̀tì báǹkì nìkan ni màmá onílé kà sí rìsíìtì, ẹ rọra bẹ̀ wọ́n, wọ́n á kọ èyí tí nọ́ńbà ilé wà lórí rẹ̀. Ìwé yìí ló ń fi hàn pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ ń gbé lóòótọ́.

Ohun tó dáa jù ní àdúgbò náà, tí kò sí nínú ìpolówó wọn, ni àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń tẹ̀wé nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ lè ṣe fọ́tòkọ́pì ní alẹ́. Àmọ́ àwọn ayàwòrán ibẹ̀, aṣọ ẹ̀yìn pupa ló wà lọ́kàn wọn. Fọ́tò ọmọ fún físà Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn funfun ni, íǹṣì méjì sí méjì, kò sì gbọdọ̀ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́ ọmọ sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun, kí wọ́n yà á láti òkè.

Lẹ́yìn àṣẹ kóòtù, ìwé ìbí ti NPC, àjọ ètò ìkànìyàn, ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ NIN ọmọ, tí wọ́n á so mọ́ NIN òbí, kí páásípọ̀ọ̀tù tó ṣeé ṣe. Àyẹ̀wò ìlera àti físà, Èkó ni. Fún ẹni tó fẹ́ wọ bàálù lọ, Ìlọrin ló súnmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ju Ìbàdàn lọ, kò sì ní gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọkọ̀ àjàgbé kún bámúbámú.

Ẹ má san owó ilé oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, ìdí rẹ̀ nìyí. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn àgbáyé Hague lórí ìgbàtọ́ ọmọ, fọ́ọ̀mù I-600, ti ọmọ òrukàn, ni Amẹ́ríkà ń lò, ìwádìí I-604, láti mọ̀ bóyá ọmọ náà bá òfin wọn mu, tí ilé iṣẹ́ aṣojú wọn ní Èkó ń ṣe sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Lásìkò yẹn, Èkó ni ọ̀pọ̀ ń gbé, ilé Ògbómọ̀ṣọ́ á ṣófo lórí owó yín. Òfin físà wọn tún ń yí. Ẹ wo bó ṣe wà lónìí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń gbé ní Bìrìtéènì, ìjọba wọn ti fi òfin dí ìgbàtọ́ ọmọ láti Nàìjíríà láti oṣù kẹta ọdún 2021.

Nínú márùn-ún, mẹ́ta àbọ̀ la fún un. Bí wọ́n bá dé kànga yẹn, mẹ́rin. Owó oṣù-oṣù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ pé àwọn kì í gbà, wọ́n á gbà bí ẹ bá san oṣù méjì àkọ́kọ́ pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé owó ìdúró (caution fee) á padà sọ́wọ́ yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ bá kó jáde.