Ẹ ṣọ́ra fún ọlọ́jà tó ń gbàgbé bíìlì, tí kì í gbàgbé owó ìtanràn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà láwìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àdéhùn yín jẹ́ pé kí ọjà dé ná kí ẹ tó sanwó, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo rà. Ó dé láìfọ́, ó sì ń fọṣọ dáadáa, n kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lẹ́sẹ̀. Àdéhùn wa ni pé wọ́n á fi bíìlì ránṣẹ́ sí ímeèlì mi, kí n sì sanwó láàárín ọjọ́ 14 tí mo bá ti rí i gbà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, n kò rí nǹkan kan. Mo kọ̀wé sí wọn pé ẹ jọ̀ọ́, inú àkáǹtì wo ni kí n sanwó yìí sí? Wọ́n fèsì pé, "Bíìlì yín ti wà lọ́nà." Mo gbà wọ́n gbọ́. Owó yẹn wà nílẹ̀, mo ti yà á sọ́tọ̀, n kò sì fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn oṣù kan àtààbọ̀, lẹ́tà kan dé tí wọ́n kọ "Ìkìlọ̀ Kejì" gàdàgbà sí lórí. Ìkejì kẹ̀? Èwo ni ìkíní? Owó ẹ̀rọ wà níbẹ̀, owó ìtanràn wà níbẹ̀ nítorí wọ́n ní mo pẹ́, "owó ìkọ̀wé" tún wà nísàlẹ̀, àfi bíi pé èmi náà ni màá sanwó lẹ́tà tí wọ́n fi ń bú mi. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún mi, wọ́n ní bí n kò bá san án, ó di ọwọ́ àwọn agbowó-gbèsè.

Kí n má purọ́, àyà mi já. Ẹni tí kò jẹ gbèsè, tí wọ́n bá ṣàdédé pè é ní onígbèsè, ńṣe lara rẹ̀ máa ń gbọ̀n bí ẹni tó jẹ ẹ́ lóòótọ́. Mo ti ṣí áàpù báńkì, mo fẹ́ san gbogbo rẹ̀ kí n lè rí oorun sùn. Àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà ló dá mi dúró, èyí tí wọ́n ní àwọn fi bíìlì ránṣẹ́ sí. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, ó jọ tèmi. Mo wá ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "N" méjì ló wà nínú orúkọ mi, ẹyọ kan ni wọ́n kọ. Bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mo ṣi àdírẹ́sì tẹ̀, torí inú ímeèlì mi yẹn náà ni wọ́n ti sọ fún mi pé ẹrù ti gbéra. Àwọn tó ń gbé ẹrù mọ̀ mí, àwọn tó ń kọ bíìlì ni kò mọ̀ mí.

Mo pè wọ́n. Ẹni tó gbé fóònù sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbà pé àṣìṣe wà lọ́dọ̀ àwọn. Ó wá ní, "Ẹ kàn san gbogbo rẹ̀ ná, tó bá yá, a óò dá owó ìtanràn yẹn padà fún yín."

Ibẹ̀ gan-an ni pàkúté wà. Tí ẹ bá san owó ìtanràn láìwí nǹkan kan, ọwọ́ ara yín lẹ fi kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ẹni tó bá sì ti gbowó sápò kì í kánjú dá a padà. Èkejì wá burú jùyẹn lọ. Tí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ láìkọ ohun tó wà fún sí i, ọ̀pọ̀ wọn á kọ́kọ́ yọ owó ìkọ̀wé àti ìtanràn nínú rẹ̀ kó tó kan ọjà. Ẹ̀yin á rò pé ẹ ti san tán, nínú ìwé tiwọn, owó ọjà kò tíì pé, èyí tó ṣẹ́ kù á sì tún máa bímọ. Ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ mi kan nìyẹn lọ́wọ́ àwọn kan náà, lẹ́tà mẹ́ta lórí gbèsè kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo san owó ẹ̀rọ, kò lé, kò dín. Níbi tí báńkì ti ní kí n ṣàlàyé ohun tí owó náà wà fún, mo kọ nọ́ńbà ọjà mi àti "owó ọjà nìkan". Ẹ má fi èyí falẹ̀ o. Àwọn kan á bínú, wọ́n á ní nítorí ìtanràn yìí, àwọn ò ní san nǹkan kan mọ́. Irú ìbínú yẹn ló ń sọ aláre di ẹlẹ́bi, torí owó ọjà ṣáà wà lọ́rùn yín.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ̀wé. N kò tún pè mọ́, ọ̀rọ̀ orí fóònù, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Mo kọ ọjọ́ tí mo rajà, ọjọ́ tí mo béèrè bíìlì àti èsì tí wọ́n fún mi, mo to àdírẹ́sì tèmi àti èyí tí wọ́n ṣì kọ síra wọn, mo fi ẹ̀rí ìsanwó tì í. Mo wá ní: "Mo ti san owó ọjà. N kò gba owó ìtanràn àti owó ìkọ̀wé, torí bíìlì kò dé ọ̀dọ̀ mi, àṣìṣe yín ló sì fà á. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ pé n kò jẹ yín ní nǹkan kan mọ́." Èébú tó kún bíi ojú ewé kan wà nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ. Mo pa á rẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òfin dẹ́rù bà yín. Ní Jámánì, abala 286 nínú ìwé òfin wọn sọ pé ẹni tó jẹ owó kò tíì di ẹni tó pẹ́, tó bá jẹ́ pé ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ ni kò jẹ́ kó san. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1974 fún ẹni tó fi káàdì àwìn rajà ní ọjọ́ 60, láti ìgbà tí wọ́n ti fi bíìlì tó láṣìṣe ránṣẹ́, láti kọ̀wé ta kò ó. Kíkọ ni wọ́n sọ, wọn ò ní ká pè. Ibi yòówù tí ẹ bá wà, ẹ tètè wádìí iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ní.

Agbowó-gbèsè ṣì kọ̀wé sí mi, bí mo ṣe san owó ọjà tó náà. Mo fún un lésì, ìwé kan náà ni mo fi ránṣẹ́, mo tún ní kó fi bíìlì náà hàn mí àti ibi tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Mo bi í bóyá wọ́n ti fi orúkọ mi sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ onígbèsè, torí ọjọ́ tí èèyàn bá fẹ́ yáwó ní báńkì ni irú ẹ̀ máa ń yọjú. Àmọ́ tó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ ló kọ̀wé sí yín, ìyẹn yàtọ̀ o. Ẹ má jẹ́ kó sùn nílé, kódà bí ẹ bá jàre, torí ọjọ́ tí wọ́n fúnni láti fèsì kì í pọ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tún dé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní kí n tẹ ibì kan láti san "gbèsè ẹ̀rọ ìfọṣọ". Nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ kò bá ti ọlọ́jà mu rárá. Bí àwọn gbájúẹ̀ ṣe gbọ́, n kò mọ̀. Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìwé tí ẹ fi rajà ni kí ẹ máa pè, kì í ṣe èyí tí wọ́n bá kọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́.

Ṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni? N kò lè búra. Àwa mẹ́ta la mọ ara wa tó ra nǹkan lọ́wọ́ wọn. Tèmi, àdírẹ́sì. Ti ọ̀rẹ́ mi, nọ́ńbà oníbàárà ẹlòmíì ni wọ́n kọ sórí bíìlì rẹ̀, owó tó kọ́kọ́ san kò wá rí ojúlé. Ti ẹnì kẹta, ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí bíìlì ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Àṣìṣe mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àpò kan náà ni gbogbo wọn ń kówó sí. Èmi ò ní ra ọjà láwìn lọ́wọ́ wọn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo kọ̀wé, lẹ́tà dé pé n kò jẹ wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Kò sí "ẹ má bínú" nínú ẹ̀. Ẹyọ "n" kan ló ṣì wà nínú orúkọ mi lórí ẹ̀. Mo dá a padà kí wọ́n lọ tún un kọ.