Django àti Rails: irinṣẹ́ méjì tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ bí
Kò sí ẹni tó jókòó dá Django tàbí Ruby on Rails (Rails), irinṣẹ́ méjì tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń kọ́ ìkànnì, sílẹ̀ fún títà. Ara iṣẹ́ ìkọ́ wẹ́ẹ̀bù tó ń lọ lọ́wọ́ ni a ti yọ méjèèjì.

Ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ni Django ti bẹ̀rẹ̀ ní 2003, nígbà tí Adrian Holovaty àti Simon Willison ń wá ọ̀nà láti tètè kọ́ ohun tí àwọn oníròyìn bá béèrè fún. Ìdí nìyẹn tí ó fi ní ojú ewé alábòójútó, èyí tí ẹni tí kò mọ ètò kọ̀ǹpútà kíkọ rárá lè fi gbé ìròyìn síta. Lójú tèmi, òun ló wúlò jù nínú gbogbo Django.

Inú Basecamp, ètò tí a fi ń darí iṣẹ́, ni David Heinemeier Hansson ti yọ Rails ní tirẹ̀, tó sì gbé e jáde ní 2004. Bí o bá sọ nǹkan lórúkọ bí Rails ṣe fẹ́, yóò so ọ̀pọ̀ nǹkan pọ̀ fúnra rẹ̀, nígbà tí Django fẹ́ kí a kọ bí wọ́n ṣe so pọ̀ sílẹ̀ kedere.

Rails kì í bẹ̀rù ìyípadà ńlá: ó gba Merb, irinṣẹ́ mìíràn tó ń bá a díje, mọ́ra, àwọn méjèèjì sì di Rails 3, ẹ̀dà kẹta rẹ̀, ní 2010. Django máa ń kìlọ̀ ṣáájú kí ó tó yọ ohunkóhun kúrò, nítorí náà òun ni n óò yàn fún ìkànnì tí yóò pẹ́ láyé.