Ẹ̀rọ Oníná fún Ọwọ́ Lẹ́yìn Àrùn Rọpárọsẹ̀: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ oníná fún ọwọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú kákò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé TENS kì í ṣe NMES, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì lè jọra gan-an lórí àtẹ. Láti dín ìrora kù ni wọ́n ṣe ń lo TENS. Iṣan ni NMES ń mú ṣiṣẹ́: bí ẹ bá lẹ páàdì rẹ̀, tó ń gbé iná wọ ara, mọ́ ẹ̀yìn apá, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, tí ẹ sì rọra ń fi kún agbára rẹ̀, àwọn ìka yóò nà. Bí ọrùn ọwọ́ nìkan bá gbé sókè, ẹ sún páàdì díẹ̀, ẹ má ṣe máa fi kún iná. Ẹ wá èyí tó lè ṣiṣẹ́ láàárín 20 sí 50 Hz (iye ìgbà tí iná ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tó sì jẹ́ kí ẹ yan àkókò iṣẹ́ àti àkókò ìsinmi, nítorí ó máa ń tètè rẹ iṣan tí kò bá sinmi.

Àmọ́ NMES lásán yóò la ọwọ́ yálà aláìsàn ń gbìyànjú tàbí ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń dúró de ìgbìyànjú. Èyí tó ń lo EMG máa ń ṣọ́ iná kékeré tí iṣan fúnra rẹ̀ ń mú wá, kó tó fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tí iṣan rẹ̀ kò tíì mira rárá kò ní rí i lò. Ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, olùwádìí Jayme Knutson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìbọ̀wọ́ tó ń mọ bí ọwọ́ ṣe ń là sí ọwọ́ tó dá ṣáṣá, tó fi jẹ́ pé bí aláìsàn bá ṣe ń la ọwọ́ yẹn ni iná ń la èkejì. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 12 ṣe ìtọ́jú fún ènìyàn 80, ọ̀nà yìí mú kí ọwọ́ já fáfá ju NMES lásán lọ.

Ẹ̀rọ NMES kan tí wọ́n ń pè ní H200 ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí a ń wọ̀ sí apá, tí páàdì ti wà nínú rẹ̀. Ó wọ́n, físíò (onímọ̀ ìtọ́jú tó ń ran iṣan àti oríkèé lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́) ló sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n mọ́ yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó rọrùn púpọ̀ fún ẹni tó ń dá gbé, tí ì bá máa fi ọwọ́ kan ṣoṣo lẹ páàdì.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn láyà kò gbọ́dọ̀ ra ọ̀kankan láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ gbà. Aláboyún àti ẹni tó ní wárápá náà gbọ́dọ̀ béèrè. Bí owó bá mọ níwọ̀n, ẹ ra NMES, kí ẹ fi ìyókù san owó físíò tí yóò fi ojú ibi tí páàdì ń gbé hàn yín, kí ẹ sì rí i dájú pé olùtajà náà ń ta páàdì lọ́tọ̀, torí lílẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ tán.