Ìtàn Rama láti ọwọ́ R. K. Narayan: Ravana gbé ìyàwó oníyàwó tòun tilẹ̀

Àlòkù ni mo ra ìwé yìí, lẹ́tà inú rẹ̀ sì kéré débi pé awò ni mo fi kà á tán. Síbẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Ní 1972 ni Narayan, òǹkọ̀wé ọmọ Íńdíà, kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kì í ṣe Valmiki, tó ni Ramayana (ìtàn àtijọ́ nípa Rama, ọmọ ọba Íńdíà) ní Sanskrit, èdè àtijọ́ ibẹ̀, ló tẹ̀ lé. Kamban ló tẹ̀ lé, akéwì ilẹ̀ Tamil ní gúúsù Íńdíà, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi sí ọ̀rúndún kejìlá. Ìyẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ rà á.

Ẹ wo ibi tí Ravana, ọba àwọn ẹbọra ní Lanka, ti jí Sita, ìyàwó Rama, gbé. Nínú ti Valmiki, ó di irun orí rẹ̀ mú, ó sì gbé e lọ. Nínú ti Kamban, kò fọwọ́ kàn án rárá, torí èpè á jà á bó bá fọwọ́ kan obìnrin tí kò gbà fún un. Ilẹ̀ tí Sita dúró lé ló hú, ó gbé e tòun tilẹ̀ lọ sí Lanka. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo tún un kà. Akéwì yìí mọ àwọn tó ń kéwì fún: wọn ò ní gbà kí ọwọ́ Ravana kan Sita.

Kamban tún jẹ́ kí Sita yọjú lókè ilé ní Mithila, ìlú bàbá rẹ̀, kí ojú òun àti Rama sì ṣe mẹ́rin kí Rama tó débi ọrun tó fẹ́ ṣẹ́ kó lè fẹ́ ẹ. Kò sí èyí nínú ti Valmiki. Tulsidas, akéwì tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1574 lédè Awadhi ti àríwá Íńdíà, inú ọgbà òdòdó ló ti jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Bí màmá mi àgbà ṣe ń pàlọ́ nìyẹn, ibi tó bá wù ú ló ń gbé ìtàn sí. Ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ni Ìjàpá ti ń jí iṣu.

Narayan ò bo àṣìṣe Rama mọ́lẹ̀ níbi tó ti fara pamọ́ ta Vali, ọba àwọn ọ̀bọ, lọ́fà. Ó jẹ́ kí Vali tó ń kú lọ sọ tẹnu rẹ̀, èsì Rama ò sì tẹ́ mi lọ́rùn títí di òní.

Ohun tó dùn mí ni pé ewì Kamban lé ní 10,000 ẹsẹ, ìwé pẹlẹbẹ ló dà níbí, kò sì sí orin kankan mọ́. Ó tún parí síbi ìwúyè Rama, bí Kamban ṣe parí tirẹ̀. Ibi tí Rama ti lé Sita aláboyún jáde, ó kàn mẹ́nu bà á lẹ́yìn ìwé ni. Èmi tí mo ti ń bá Sita bọ̀ látìgbà tí wọ́n ti hú ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀!

Ti Chandrabati ni mo ń wá báyìí, obìnrin ilẹ̀ Bengal tó jẹ́ kí Sita fẹnu ara rẹ̀ ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní in, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi. Mi ò ní tẹ etí ojú ìwé.