Samsung T7 fún fídíò ilé: bí mo ṣe ń lò ó, àti ibi tí kò tó

Ẹni tó bá ń ya fídíò ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí àti òkú àgbà nínú ẹbí mọ̀ pé yíyà kọ́ ni wàhálà, títọ́jú ni. Fóònù á ti kún kí àríyá tó parí. iPhone tó ń ya 4K, fírémù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, máa ń jẹ nǹkan bíi 170 MB ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan sì ti lé ní 10 GB nìyẹn. Bí a bá wá kó o sórí láptọ́ọ̀pù, tí a gé e, tí a tò ó, tí a fi orin sí i, iṣẹ́ tó parí á gba àyè tirẹ̀, àwọn ègé tí a fi ṣe é náà á gba tiwọn. Ìdí tí mo fi ra Samsung T7 oní-1 TB nìyẹn, SSD kékeré tí à ń kì mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta láti fi tọ́jú fáìlì, òun ni mo sì fi ń ṣe gbogbo fídíò ilé wa báyìí.

Ó kéré gan-an. Gíráàmù 58 ni ìwọ̀n rẹ̀, bó ṣe fẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì ATM lọ, alumíníọ̀mù sì ni ara rẹ̀. Ohun tó wù mí jù ni pé kò sí nǹkan kan tó ń yí nínú rẹ̀. Hard disk àtijọ́ ní àwo tó ń yí, ó sì ní orí kékeré tó ń sáré lókè àwo náà, bó bá já bọ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ pé ó tán nìyẹn. Hard disk kan tí fídíò ìgbéyàwó àbúrò mi wà nínú rẹ̀ ṣubú láti orí tábìlì. Nígbà tí a tún kì í mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀ ló ń dún, kọ̀ǹpútà kò sì rí i mọ́. Nínú ilé tí ọmọdé ti ń sáré kiri, ìyàtọ̀ yìí nìkan tó fún mi láti fi owó kún owó.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ kì í mọ́ Windows, 931 GB lẹ máa rí, kì í ṣe 1,000. Ẹ má bá ẹni tó tà á fún yín jà. Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni ilé iṣẹ́ fi ń kà á, 1,024 ni Windows fi ń kà á.

Iyára tí wọ́n kọ fún un ni 1,050 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún kíkà, àti 1,000 MB fún kíkọ. Ihò USB tí ẹ bá kì í bọ̀ ló máa sọ bóyá ẹ máa rí i. USB 2.0 tó wà lára àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kì í sábà gbé ju nǹkan bíi 35 MB lọ, fódà 40 GB á sì fi ogún ìṣẹ́jú ṣòfò. Ihò USB 3.0, èyí tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ búlúù, á ṣe é tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Okùn méjì ló bá a wá, ọ̀kan fún USB-C, èkejì fún ihò fífẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn fi okùn tí ẹ fi ń ṣáàjì fóònù rọ́pò wọn. Púpọ̀ nínú irú okùn bẹ́ẹ̀ kò kọjá USB 2.0, ẹ̀yin á wá máa rò pé SSD ló ń falẹ̀.

exFAT, ọ̀nà kan tí disk fi ń to fáìlì, ni wọ́n fi tò ó láti ilé iṣẹ́ wá. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Windows ń kọ sí i, Mac ń kọ sí i, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní sì ń kà á. FAT32 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DVD àtijọ́ mọ̀, àmọ́ FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ti tó 4 GB, bẹ́ẹ̀ fídíò òkú àgbà oníwákàtí méjì á kọjá ibẹ̀ dáadáa. Ibi tí exFAT ti ń dẹ́rù bà mí ni ọ̀rọ̀ iná. Bí NEPA bá mú iná lọ níbi tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti ń kọ́pì, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ lè dàrú, àwọn fáìlì tí ẹ ti kó sí i tẹ́lẹ̀ náà sì lè bá a lọ. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára ni mo máa ń lò fún kíkọ́pì, mi ò sì ní fa okùn yọ láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti sọ pé ó yá.

Fídíò tó ṣe pàtàkì jù lórí T7 yìí ti inú kásẹ́ẹ̀tì VHS wá, láti àwọn ọdún 1990. Ìsọmọlórúkọ ni. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare wà lórí tábìlì, àwòrán ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà ìyá bàbá wa gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Àjọkẹ́, ó kó oríkì Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí lé e, kò sì dúró mí títí ọmọ fi sùn. Kò sí ẹnìkan tó kù nínú ẹbí wa tó lè kì í dé ibi tí màmá kì ọmọ náà dé. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti ń hu funfun létí nígbà tí a rí i gbé sórí kọ̀ǹpútà.

Irú fídíò yìí ló jẹ́ kí n máa tọ́jú ẹ̀dà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tí a ò fọwọ́ kàn rárá, àti èyí tí a ti gé. Ẹni tó gé e lónìí lè yọ ibi tí kò já mọ́ nǹkan lójú tirẹ̀, kó sì jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ọmọ wa máa wá lọ́la. DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà fún gígé fídíò, ni mo fi ń gé e, ó sì ní ibi tí èèyàn ti lè kó iṣẹ́ náà jọ pẹ̀lú gbogbo ègé rẹ̀ sójú kan, Project Archive ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá gbé fáìlì iṣẹ́ nìkan lọ, tí ẹ fi ègé sílẹ̀, òfìfo lẹ máa ṣí níbòmíràn. Fún iṣẹ́ tó parí, MP4 oní-H.264 (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fídíò kó lè kéré) ni mo ń yọ. H.265 kéré jù ú lọ lóòótọ́, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n àwọn àgbà nílé kì í sábà gbà á, àwọn gan-an la sì ṣe é fún. Orúkọ fáìlì, mo ń fi ọdún ṣáájú kó lè tò tẹ̀léra, mi ò sì ń fi àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà sí i, torí àwọn tẹlifíṣọ̀n kan máa ń sọ ẹ àti ọ di àpótí òfìfo.

T7 ní password tí ẹ lè fi tì í. Fún iṣẹ́ oníbàárà, ó dára. Fún fídíò ẹbí, mi ò tì í, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó tì í. Bí ẹni tó mọ password bá gbàgbé, tàbí tí ọlọ́jọ́ dé, kò sí ẹni tó máa rí fídíò náà mọ́. Tẹlifíṣọ̀n pàápàá kò lè ṣí i.

Ibi tí kò tó nìyí: SSD kì í ṣe ohun tí à ń jù sínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iná mànàmáná tó há sínú rẹ̀ ló fi ń rántí ohun tí a kọ sí i, iná yẹn sì máa ń jò díẹ̀díẹ̀ bí a ò bá kì í mọ́ nǹkan kan, pàápàá nínú yàrá tó gbóná. Nítorí náà, T7 ni mo fi ń ṣiṣẹ́, mo sì ra hard disk olówó pọ́ọ́kú fún ẹ̀dà tó ń sinmi nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀dà kẹta wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní London. Ìgbà tó bá wá sílé ni a máa ń fi tuntun kún un.

Nípa rírà: ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta 2 TB ní owó flash. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ 64 GB tí wọ́n tan kọ̀ǹpútà pé ó tóbi. Ẹ máa kó fáìlì sí i, orúkọ wọn á hàn, àmọ́ wọn kò ní ṣí. H2testw, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, á kọ fáìlì kún un dé etí, á sì kà á padà. Ẹ lò ó kí ẹ tó kó ohunkóhun sórí èyí tí ẹ bá rà, bó ti wù kí páálí rẹ̀ dára tó.

Bó bá jẹ́ ìta lẹ ti ń ya fídíò, níbi tí òjò àti eruku wà, T7 Shield ni kí ẹ wò. Gíráàmù 98 ni, rọ́bà bò ó lára, IP65 ni wọ́n fún un nípa omi àti eruku. T7 tèmi kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í kúrò nílé.